Bí Mo Ṣe Sáré Àwọn Ọ̀nà Tí Mo Ti Ká Bí Ẹní

Ẹ̀yin tí ẹ ń bó ẹ̀gúsí lábẹ́ igi ọ̀gànwó yìí, ẹ máa bó o lọ. Ọwọ́ ló ń bó ẹ̀gúsí, etí kì í bó nǹkan kan, nítorí náà ẹ jẹ́ kí etí yín wá síbí. Èmi ni Ọdẹ́jìnmí ọmọ Ògúndépò, ọdẹ Ìdí-Ọ̀gànwó, tí wọ́n ń pè ní Ìjì-ò-bá-a. Ẹni tí kò bá tíì gbọ́ orúkọ yẹn, adití ni tàbí àlejò. Nígbà tí ẹsẹ̀ mi ṣì wà ní kíkún, bí mo bá yìnbọn sí ẹran, mo máa ń sáré dé ọ̀dọ̀ ẹran náà kí ọta tó dé, màá dì í mú níwo, màá ní, "Dúró níbẹ̀, nǹkan rẹ ń bọ̀ lẹ́yìn." Òjìji mi kì í bá mi wọlé láti oko. Ọjọ́ kejì ló máa ń dé, yóò kan ilẹ̀kùn, yóò ní ebi ń pa òun. Mo lọ sílé ìwé díẹ̀, ẹ má fojú òpè wò mí. Mo kàwé dé ibi tí olùkọ́ ti fẹ́ pín ọsàn mẹ́tàdínlógún fún ọmọ márùn-ún. Mo rí i pé ìjà fẹ́ ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, mo gba ojú fèrèsé wọgbó lọ, kí olùkọ́ sì tó pè mí padà, mo ti pa ọ̀yà, mo ti yan án, mo ti jẹ orí rẹ̀.

Ohun tó bà mí jẹ́ ni kánàkò. Gbogbo yín lẹ mọ kánàkò, oògùn tí ọdẹ fi ń ká ọ̀nà jíjìn kó lè di kúkúrú. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó yóò dúró jẹ́ẹ́, yóò pa ẹsẹ̀ pọ̀, yóò dárúkọ ibi tó ń lọ, yóò sì fi gìgísẹ̀ lu ilẹ̀. Ọ̀nà yóò ká bí ẹní, yóò sì bá ara rẹ̀ níbi tó ń lọ. Ohun tí àgbà ọdẹ ń lò bí ogun bá dé, èmi sọ ọ́ di ohun àmúṣeré. Mo fẹ́ lọ kí àna mi lóko, kánàkò. Ìyàwó mi, Àyọ̀ká, ní kí n bá òun pọnmi lódò, kánàkò. Kí n lọ tọ̀ lẹ́yìnkùlé, kánàkò. Lọ́jọ́ kan mò ń lé akọ ìgalà kan, ìgalà náà bojú wẹ̀yìn, ó yọ ahọ́n sí mi. Èmi Ìjì-ò-bá-a. Inú bí mi, mo ń sáré lọ́wọ́, mo tún fi gìgísẹ̀ lu ilẹ̀. Ẹ gbọ́ mi o, a kì í dúró sórí ẹní ká tún máa ká a. Ọ̀nà ká, gìgísẹ̀ mi sì wà nínú rẹ̀. Mo gbọ́ "pàù" lẹ́yìn mi, mo rò pé ọdẹ mìíràn ló yìnbọn, mo tilẹ̀ ti fẹ́ bú u pé ó fẹ́ gba ẹran mi. Àṣé iṣan ẹ̀yìn gìgísẹ̀ mi ló já.

Teguntegun dì í, ó tú u, ó tún un dì. Àyọ̀ká fi òrí àti omi gbígbóná ra á títí ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ fi ń dùn ún. Òjò rọ̀, ẹ̀ẹ̀rùn dé, òjò tún rọ̀. Bí mo bá rò pé ó ti san, tí mo sáré dé ẹnu ọ̀nà, iṣan náà yóò ní òun ò gbà. Ìrora náà kì í pariwo. Ó kàn jókòó síbẹ̀ bí àna tó wá kíni tí kò sọ ọjọ́ tó máa lọ.

Ní ìlú wa, ọdẹ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ti kú, wọn a gbé ìbọn rẹ̀ kọ́ ara ògiri ilé ọdẹ, wọn a sì fi òun sídìí ààrò, kó máa yan ẹran tí àwọn ẹlòmíràn pa. Nígbà tí ọdún Ògún ku ọ̀la, wọ́n ránṣẹ́ pè mí. Olúọ́dẹ wa, Bàbá Ògúndìran, jókòó, kò wojú mi. Ògúngbèjà ló ń sọ̀rọ̀, ọdẹ kékeré kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì pinnu bóyá yóò hù.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú," ló wí. "Iṣẹ́ ẹran yíyan dára. Ẹ ó máa jẹ ẹ̀dọ̀."

"Ìwọ tí o yìnbọn sí ẹtù tó bá ewúrẹ́ ìyá ọkọ àbúrò rẹ, ìwọ lo fẹ́ máa bu ẹ̀dọ̀ fún mi?"

"Ewúrẹ́ yẹn jọ ẹtù."

"Ó so mọ́ òpó."

"Ó tó," ni Olúọ́dẹ wí. "Ọdẹ́jìnmí, o mọ òfin. Ẹni tó bá ní ẹsẹ̀ òun kò tíì kú, kó gba Igbó Àìwọ̀tán kọjá lọ́la, kó bu amọ̀ funfun létí odò tó wà lódìkejì, kó sì sáré wọ̀lú kí oòrùn tó wọ̀. Sísá ni mo wí. Ẹni tó bá rìn wọlé ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ìbọn rẹ̀ kọ́. Kò sì gbọdọ̀ sí kánàkò nínú rẹ̀."

"Mo gbà," ni mo wí. Mo sì dúró lórí ẹsẹ̀ tó ń dùn mí, mo na èyí tí kò dùn mí sí Ògúngbèjà, kó lè mọ̀ pé àgbà kò tíì kúrò lójú agbo. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú, ṣùgbọ́n mi ò ṣubú.

Nígbà tí mo délé, Àyọ̀ká ní, "Bàbá Ṣíjúadé, bó bá jẹ́ eré ti tẹ́lẹ̀ lẹ fẹ́ lọ sá, ẹ má wulẹ̀ lọ. Mi ò ní òrí tó kù."

"Báwo ni kí n ṣe sá a?"

"Ẹ sá a bí ẹni tó gbé igbá omi tó kún."

Mo fi í rẹ́rìn-ín. Ṣé eré ni ìyẹn? Ọkùnrin gidi a máa gbé omi, ṣùgbọ́n ó máa ń dà á sílẹ̀ ni.

Mi ò ní fi ẹ̀kọ òwúrọ̀ àti ìdágbére dà yín láàmú. Mo wọgbó. Mo dé ibi tí àwọn igi ti jókòó lórí gbòǹgbò wọn bí àgbà tó ń retí ìgbéyàwó, mo bá ọkùnrin kan níbẹ̀. Ẹní kíká ló wà lórí rẹ̀, ẹní ló wà lábíyá rẹ̀, ẹní ló dì sẹ́yìn. Kò lójú lórí. Orókún rẹ̀ ló ní ojú, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, tó fi jẹ́ pé bó bá fẹ́ wò mí dáadáa, ṣe ló ń gbé ẹsẹ̀ sókè bí ajá tó fẹ́ tọ̀. Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, ṣùgbọ́n ọdẹ tó bá fi ẹni tí kò mọ̀ rí rẹ́rìn-ín nínú igbó, ẹni náà ló máa rín ẹ̀rín ìkẹyìn. Mo tún wo àwọn ẹní náà, mo rí i pé wọn kì í ṣe ẹní. Ìrì wà lára wọn. Àparò kan fò jáde láti inú ọ̀kan. Ìgbẹ́ ẹfọ̀n tútù bọ́ láti inú èkejì.

"Ẹ ǹlẹ́ o, bàbá oníẹní," ni mo wí.

"Ta ni bàbá oníẹní? Èmi ni Akónàjọ. Ọ̀nà ni mo kó jọ. Ìwọ kọ́ ni wọ́n ń pè ní Ìjì-ò-bá-a?"

"Èmi ni."

"Ìjì ti bá ọ o. Orókún mi rí bí o ṣe ń wọ́ ẹsẹ̀ bọ̀. Wá wo ẹrù rẹ." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tò wọ́n sílẹ̀. "Èyí ni ọ̀nà oko àna rẹ. Èyí ni ọ̀nà odò tí ìyàwó rẹ rán ọ. Èyí kékeré yìí ni ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé rẹ. Ojú tì mí láti gbé e, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ni iṣẹ́. Ọ̀nà tí èèyàn bá ká tí kò tẹ̀, kì í kú. Àtẹ́lẹsẹ̀ ni wọ́n ń wá kiri. Wọn ò rí tìrẹ, ni wọ́n bá lọ lọ́ mọ́ ọ ní gìgísẹ̀. Ohun tó ń ṣe ọ́ nìyẹn, ìyàwó rẹ ń fi òrí ra ọ̀nà oko àna."

Ọkàn mi kú díẹ̀, mi ò ní purọ́ fún yín. Àmọ́ ẹnu mi kò kú rí. Mo ní, "Kí ni ká ṣe?"

"Ohun méjì ló wà. Àkọ́kọ́, màá ká ọ̀nà kan sí i fún ọ, wàá bu amọ̀, wàá délé kí itọ́ ẹnu rẹ tó gbẹ. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ṣùgbọ́n gìgísẹ̀ yẹn yóò kù sọ́dọ̀ mi. Èkejì, màá tú gbogbo ọ̀nà rẹ sílẹ̀, màá fi wọ́n ṣe okùn kan ṣoṣo lọ dé etí odò, wàá sì sáré gbogbo rẹ̀. Bí o bá rìn, ọ̀nà yóò ká mọ́ ọ nínú bí ẹran inú ewé. Bí o bá sáré kọjá láìrí ohun tó wà níbẹ̀, màá fà á padà, wàá tún bẹ̀rẹ̀."

Mo ní, "Gìgísẹ̀ mi kò sí lórí àtẹ. Tú wọn."

Ó tú àkọ́kọ́ sílẹ̀, ọ̀nà náà na gbọọrọ láàrin igbó, koríko rẹ̀ kò tíì rí ẹsẹ̀ rí. Mo ní kí n fi ẹni tí mo jẹ́ hàn án. Mo ṣánlẹ̀, mo fò, mo sáré eré àtijọ́ gan-an, ewé ń já bọ́ lẹ́yìn mi, ọ̀bọ ń di igi mú. Nígbà tí mo dé ìparí, iṣan ẹ̀yìn ẹsẹ̀ mi ń pariwo bí ìyàwó tí ọkọ rẹ̀ gbé orogún wọlé.

"Ta ló kí ọ lọ́nà?" ni Akónàjọ wí.

"Kò sẹ́ni tó kí mi."

"Ó kí ọ, o ò dáhùn. Ìwà yẹn ò dára." Ló bá fa ọ̀nà náà bí ẹni fa aṣọ lábẹ́ ọmọ, mo bá ara mi níbi tí mo ti bẹ̀rẹ̀, mo jókòó lórí ìdí mi.

Níbẹ̀ ni mo ti bínú. Ẹ má rò pé ìrora ló mú mi dín eré kù. Ìbínú ni. Mo ní bó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ kí n sáré jẹ́jẹ́, màá sá a jẹ́jẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ọjọ́ yóò fi máa wò mí bí òun ló yára jù. Mo gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún, mo gbọ́ bó ṣe kan ilẹ̀. Mo gbé òsì, mo gbọ́ tòun náà. Gìgísẹ̀ mi sọ̀rọ̀. Tẹ́lẹ̀, bó bá ti sọ̀rọ̀, màá pariwo bò ó mọ́lẹ̀ ni. Lọ́tẹ̀ yìí mo dá a lóhùn. Mo ní, "Gìgísẹ̀, kí lo wí?" Ó ní ilẹ̀ ibẹ̀ yẹn dagẹ̀rẹ̀. Mo yà díẹ̀. Ó dákẹ́. Ó tún ní kí n má fi gbogbo ara mi jókòó lé òun. Mo gbé àyà sókè. Ó dákẹ́. Ẹ wò ó, gbogbo ìgbà tí mo fi ń bú ẹsẹ̀ yìí, ó ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu.

Ọ̀kùn kan dé lẹ́yìn mi, ó bá mi, ó fẹ́ kọjá.

"Ẹ kú ìrìn o," ni ọ̀kùn wí.

"Sísá ni mò ń sá."

Ọ̀kùn wò mí títí. "Ẹ pẹ̀lẹ́ o," ló wí, ó sì kọjá lọ.

Èmi tí mo ti di ìgalà mú níwo. Bí ẹ bá sọ èyí fún Ògúngbèjà, màá sẹ́.

Nígbà tí mo dé ìparí ọ̀nà náà, Akónàjọ gbé orókún méjèèjì sókè, ó ní, "Ta ló kí ọ?"

"Ọ̀kùn. Mo dá a lóhùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó rí mi fín."

"Ta ló ń kọ́lé tí kò lọ́kọ́?"

"Ikán ni, lábẹ́ ìrókò tó ṣubú. Wọ́n ti dé òkè ilé."

"Ta ló ń sunkún tí kò lójú?"

"Igi tí erin ha lára. Oje rẹ̀ kò tíì gbẹ."

"Ta ló bá ọ sáré láti ìbẹ̀rẹ̀, tí kò ṣáájú, tí kò kẹ́yìn, tí o ò sì bá sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí ọ?"

Mo ronú. Mo fẹ́ sọ pé òjìji mi ni, ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ̀ pé òjìji tèmi kì í tètè dé. Ni mo bá gbọ́ ọ ní ihò imú mi, ó ń wọlé, ó ń jáde, bí ẹni tó ń gbá àgbàlá. Mo ní, "Èémí mi."

"Máa lọ," ni Akónàjọ wí. "Ṣùgbọ́n ṣọ́ra. Afetíjẹun wà níwájú. Kò lójú, kò nímú. Ohun tó bá gbọ́ ló ń jẹ."

Báyìí ni mo sáré ọ̀nà odò, báyìí ni mo sáré ọ̀nà ọjà, báyìí ni mo sáré ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé mi, tí èmi àti Akónàjọ jọ gbójú kúrò lára rẹ̀. Mo wá bọ́ sórí ọ̀nà kan tó rọ̀. Gìgísẹ̀ mi yọ̀, ó ní irú ọ̀nà yìí lòun ń wá. Ó rọ̀, ó gbóná, ó pupa, ó sì lómi díẹ̀. Òkúta funfun tò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Mo sáré wọ inú rẹ̀ díẹ̀ kí n tó wòkè, tí mo rí i pé ojú ọ̀run ibẹ̀ ní iṣan. Ẹ̀yin èèyàn mi, ahọ́n ni mò ń sá lórí rẹ̀. Mo ti wà lẹ́nu Afetíjẹun.

Ẹ bá mi rò ó. Bí mo bá dúró, ọ̀nà yóò ká mọ́ mi nínú. Bí mo bá já eré sílẹ̀ bí ti tẹ́lẹ̀, kìtìkìtì ẹsẹ̀ mi yóò dé etí rẹ̀, etí náà sì tóbi tó òrùlé ààfin. Gbogbo ara mi ń pariwo pé, sá. Irun orí mi gan-an ti ṣáájú mi jáde. Mo ní rárá. Ẹnu ta lo ti gbọ́ pé ẹ̀rù ló máa yan eré fún Ọdẹ́jìnmí? Mo fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́. Mo mí sínú, ẹsẹ̀ kan, ẹsẹ̀ kan. Mo mí síta, ẹsẹ̀ kan, ẹsẹ̀ kan. Mo rọra yí po lórí ahọ́n náà bí ẹni yí ìdí ìkòkò ká, mo dojú kọ eyín iwájú, wọ́n sì padé pinpin. Mi ò dúró. Mo ń sá lójú kan bí ẹni tó ń tẹ amọ̀. Afetíjẹun tẹ́tí. Mo gbọ́ ọ tó ń tẹ́tí. Kò gbọ́ nǹkan kan. Láti àárọ̀ kò tíì gbọ́ oúnjẹ. Ebi mú un, ó sì yán. Gbogbo ẹnu rẹ̀ ṣí, mo sáré jáde láàrin eyín pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni tó ń jáde nínú ṣọ́ọ̀ṣì kí ìwàásù tó parí.

Lẹ́yìn mi mo gbọ́ tó ní, "Ta ló wà lẹ́nu mi?"

Ọlọ́gbọ́n ì bá dákẹ́. Èmi ní, "Ẹni tó wà níbẹ̀ ti lọ." Ó pa ẹnu rẹ̀ dé gbàmù, afẹ́fẹ́ rẹ̀ ya ẹ̀yìn dàńṣíkí mi. Ẹ wo ibẹ̀, Àyọ̀ká ló rán an.

Mo dé etí odò. Mo bu amọ̀ funfun, mo dì í sínú ewé. Akónàjọ dúró níbẹ̀, abíyá rẹ̀ ti ṣófo. Ó gbé orókún sí oòrùn.

"Oòrùn ti ń sọ̀ kalẹ̀," ló wí. "Ọ̀nà ilé jìn. Bó o ṣe ń sáré yìí, ó lè má tó. Mo fẹ́ràn rẹ báyìí, mi ò ní gba gìgísẹ̀. Lu ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré. Wàá gba ìbọn rẹ."

Mo wo oòrùn. Òótọ́ ló sọ, ó lè má tó. Mo rí ìbọn mi lójú ọkàn, mo rí ìṣó tí Ògúngbèjà ti kàn dè é. Mo rí ara mi nídìí ààrò, èéfín lójú mi, tí mò ń jẹ ẹ̀dọ̀ ẹran tí mi ò pa. Mo ní, "Bí wọ́n bá máa gba ìbọn mi, kí wọ́n gbà á lọ́wọ́ ẹni tó ń sáré. Mi ò ní fi ọ̀nà mìíràn sí ọ lábíyá. Ẹsẹ̀ mi ni. Bó ṣe lè lọ ni yóò lọ." Mo kẹ́yìn sí i. Mi ò yára ju bí gìgísẹ̀ mi ṣe ní kí n yára lọ.

Ìgbà tí mo máa yọ sí ìlú, oòrùn ti gúnlẹ̀ sí eteetí ilẹ̀ lẹ́yìn mi, ó pupa bí ìdí ọ̀bọ. Gbogbo ọdẹ ti tò sẹ́nu ibodè. Ìyá arúgbó kan tó ru igi ìdáná bá mi lọ́nà, ó kọjá mi, ó bojú wẹ̀yìn, ó ní, "Ọmọ mi, ṣé kí n gbé ọ mọ́ igi?" Mo ní, "Ẹ ṣeun, ìyá, mò ń sáré ni." Adìẹ kan àtàwọn ọmọ rẹ̀ kọjá mi.

Ògúngbèjà di ìbọn mi mú lọ́wọ́ kan, òòlù lọ́wọ́ kejì. "Ó ń rìn," ló wí. "Gbogbo yín ẹ wò ó. Ẹ̀gbọ́n ń rìn."

"Sísá ni mò ń sá."

"Adìẹ ń kọjá yín."

"Adìẹ níbi tó ń lọ."

Àwọn kan ní mò ń sáré, àwọn kan ní mò ń rìn, ariwo sọ. Mi ò dúró dá wọn lóhùn, nítorí pé bí mo bá dúró, mo ti dáhùn nìyẹn. Olúọ́dẹ gbé ọwọ́ sókè. Bàbá tí kò dọ̀bálẹ̀ fún ẹnikẹ́ni láti ìgbà tó ti joyè bọ́ fìlà rẹ̀, ó fi í fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ẹni tó ń rìn," ló wí, "kò sí ìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kì í sí nílẹ̀. Ẹni tó ń sáré, ìgbà kan wà tí kò sí lórí ilẹ̀ ayé rárá." Ló bá fi agbádá funfun dojú bolẹ̀ sínú eruku, ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lélẹ̀ gbalaja. "Ògúngbèjà, ojú mi ti di ti àgbà. Wá sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi."

Ògúngbèjà gbé òòlù sílẹ̀, ó sùn. Mò ń bọ̀. Ẹsẹ̀ kan, ẹsẹ̀ kan. Gìgísẹ̀ ń sọ̀rọ̀, mò ń dá a lóhùn.

"Kí lo rí lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀?" ni Olúọ́dẹ wí.

Ògúngbèjà fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lélẹ̀ dáadáa. Mo tún gbé ẹsẹ̀, mo tún gbé ẹsẹ̀.

"Mo rí oòrùn, bàbá."

"Lábẹ́ èwo?"

"Lábẹ́ méjèèjì." Ó gbé orí sókè díẹ̀, eruku wà ní gbogbo irùngbọ̀n tí kò tíì hù náà. "Ṣùgbọ́n ó tín-ín-rín, bàbá. Kò ju okùn lọ."

"Mi ò bi ọ́ bó ṣe nípọn tó. Dìde, gbé ìbọn ẹ̀gbọ́n rẹ fún un."

Ó gbé e wá. Mi ò dúró gbà á. Mo ní kó máa gbé e bọ̀ dé ẹnu ọ̀nà mi, kó sì máa sáré bí mo ṣe ń sáré. Kò lè ṣe é. Ó ń ṣáájú mi, ó ń padà, ó tún ń ṣáájú, bí ajá tí wọ́n mú ròkè odò, títí tó fi làágùn. Àyọ̀ká wà lẹ́nu ọ̀nà tó ń wò wá, ó fọwọ́ bo ẹnu.

Ṣé ó ti wá san pátápátá? Kò san pátápátá. Láàárọ̀ yìí náà ó ṣì sọ̀rọ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá sì ní eré tí mò ń sá kì í ṣe eré, kó bọ́ fìlà kó dojú bolẹ̀, màá gba iwájú rẹ̀ kọjá. Ọ̀sán ti rọ̀, atẹ́gùn ti dé, mo ti jókòó pẹ́ jù. Mò ń lọ sáré. Ẹni tó bá fẹ́ bá mi lọ, kó gbọn èèpo ẹ̀gúsí ara rẹ̀ nù kó dìde. Mi ò ní dúró dè é, ṣùgbọ́n kó fọkàn balẹ̀, yóò bá mi.